Ìlà Funfun Lára Ọkọ̀

Nọ́ọ̀sì tó ń wọ̀n mí nílé ìwòsàn ìlú wa ti mọ̀ mí. Bó bá ti ní kí n gun orí ìwọ̀n, á kọ́kọ́ fa àga kan sẹ́yìn mi, torí ó mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi máa gbọ̀n. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló pè é. Mi ò bá a jiyàn. Ohun tí mi ò lè ṣàlàyé fún un ni pé bí mo bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ohunkóhun tó rì díẹ̀ lábẹ́ mi, ṣe ni ojú mi máa ń wá ibi tí omi dé.

Ọmọ Òkè-Ògùn ni mí. Níbi tí wọ́n bí mi sí, inú kànga ni omi ń gbé, kì í jáde wá bá èèyàn nílé. Iyán la fi ń dá ara wa mọ̀. Ìgbà tí mo fi máa pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ikùn mi ti ń ṣáájú mi wọlé, inú ìyá mi sì ń dùn sí i. Bí àlejò bá wá, á pè mí jáde kí wọ́n lè rí i pé ọmọ òun ò jìyà. Ó ní oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, èmi àti oúnjẹ sì ti mulẹ̀.

Iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé etí òkun Ìlàjẹ, ní abúlé kan tó wà lójú omi láàárín Molutehin àti Awoye. Mi ò ní í rojọ́ ìrìn àjò náà. Ohun tí mo ṣáà mọ̀ ni pé nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo wá ilẹ̀ títí, mi ò rí i. Orí òpó ni gbogbo ilé wà. Pákó ni títì, pákó ni ọjà, pákó ni àgbàlá ilé ẹ̀kọ́, omi sì ń lọ ó ń bọ̀ lábẹ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé afárá pákó náà, ó dún bí ìgbà tí ilẹ̀kùn àtijọ́ bá ń ṣí. Obìnrin kan tó ń pa ẹja gbójú sókè, ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní ará òkè rèé o, àfi ká kan afárá tirẹ̀ lọ́tọ̀. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìka ẹsẹ̀ mi ti ká jọ nínú bàtà.

Ará òkè. Orúkọ mi nìyẹn láti ọjọ́ náà. Yorùbá ni wọ́n, Yorùbá ni mí, Bíbélì kan náà la ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kíákíá, mo máa ń dà bí ẹni tí ọkọ̀ kọjá lára rẹ̀ tí kò dúró gbé e. Kí n tó débẹ̀, mi ò ronú rí pé èèyàn lè ṣe àlejò nínú èdè ara rẹ̀.

Ilé Bàbá Orímisàn ni mo gba yàrá sí. Apẹja ni, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Orímisàn, ló ń sọ ti àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin méjì ni wọ́n bí, Orímisàn àti Tèmi. Ìyá tó bí bàbá wọn wà pẹ̀lú wọn, Ìyá Àgbà la máa ń pè é. Ìdí ààrò ni Ìyá Àgbà máa ń jókòó sí láti òwúrọ̀, tí á máa yí ẹja tí èéfín ń gbẹ. Òun ló kọ́ mi ní pupuru jíjẹ. Gbáàgúdá ni, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á gbé e sókè ààrò kí èéfín gbẹ ẹ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á ha ara rẹ̀ tó dúdú kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó nínú omi gbígbóná. Òkèlè àkọ́kọ́ ń rùn èéfín lẹ́nu mi. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, oúnjẹ ẹni mẹ́ta ni mò ń jẹ, pẹ̀lú ọbẹ̀ marúgbó tó dúdú tí kò wu ojú ṣùgbọ́n tó mọ ọ̀nà ọ̀fun.

Ìyá Àgbà á máa wò mí, á fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. "Jẹun, ọma mi," á wí. "Ẹni tó ń jẹun ò tíì fẹ́ lọ."

Ìparí oṣù ni mo máa ń wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Igbókòdá láti gba owó oṣù, màá sì dúró lórí ìlà nílé tẹlifóònù. Ìyá mi á ti wà ní ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò wa kan nílé, níbi tí tẹlifóònù wà. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ò yí padà: ṣé mo ṣì sanra? Mo ní mo tún sanra sí i. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń sọ fún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á jọ dúpẹ́. Mi ò sọ fún un pé ọjọ́ Àìkú kì í lọ bọ̀rọ̀ fún mi, pé mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, kí n máa gbọ́ omi lábẹ́ ẹ̀yìn mi, kí omijé máa bọ́. Bí mo bá sọ ọ́, á ní ebi ni.

Ọdún kejì mi níbẹ̀ ni ìjà dé. Àwọn tó ń gbé ní àwọn odò òdìkejì ló bá àwọn tiwa jà. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti jọ ń ná ọjà kan náà, wọ́n sì ń fẹ́ ọmọ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Orímisàn wà nílé ọkọ lọ́hùn-ún. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni, ilẹ̀ tí epo wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ na ẹnì kejì, mi ò sì pàdé ẹni tó mọ̀ ọ́n dájú. Èéfín ni mo mọ̀. Lọ́sàn-án, a máa ń rí i lókè àwọn igi ẹ̀gbà tó fi gbòǹgbò dúró sínú omi, Ìyá Àgbà á sì wò ó, á ní kì í ṣe èéfín ẹja nìyẹn.

Mo lọ sí Igbókòdá lóṣù yẹn, mo sì pe ìyá mi. Ó ti gbọ́ lórí rédíò. Kò bi mí nípa sísanra. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé lójú ẹsẹ̀, kí n má padà sọ́hùn-ún. Ojo ni mí, mi ò ní í purọ́, kò sì sí ohun tó wù mí ju kí n wọ mọ́tò ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n gbogbo ìwé ẹ̀rí mi, láti ti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì, wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi nílé Bàbá Orímisàn. Mo sọ fún ìyá mi pé màá kàn lọ kó wọn ni, ọkọ̀ ọjọ́ kẹta ni màá bá jáde. 

Ọkọ̀ ọjọ́ kẹta ò wá. Wọ́n ti yìnbọn lu ọkọ̀ èrò kan lọ́nà, àwọn ọlọ́kọ̀ sì ní àwọn ò wá mọ́. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ti lọ sí Àkúrẹ́ ṣáájú, ó ní òun fẹ́ lọ gba ṣọ́ọ̀kì. Títí di òní, a ò tíì rí ṣọ́ọ̀kì náà. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo kó ìwé ẹ̀rí mi sórí itan, mo ń wò wọ́n. Wọ́n pé. Èmi ni mo há.

Nígbà tó kù bíi ọ̀sẹ̀ kan sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ilé kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í dán ìjókòó wò. Àṣà wọn nìyẹn bí ìlú ò bá fara rọ. Ilé kọ̀ọ̀kan ní ọkọ̀ tirẹ̀, ẹni kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tó máa jókòó sí, kó má di pé à ń bi ara wa ní ìbéèrè lọ́jọ́ tí ilé bá ń jó. Bàbá Orímisàn mú ọ̀dà funfun, ó fa ìlà kan gbọọrọ sí ara ọkọ̀ níta, nísàlẹ̀ etí rẹ̀. Ó ní bí omi bá kọjá ìlà yẹn, ìgbì tó ń ti òkun wọlé ní ẹnu odò máa dà sínú ọkọ̀, kò sì sí ọ̀nà mìíràn ju ẹnu odò náà lọ.

Àárọ̀ Sátidé la kọ́kọ́ jókòó. Bàbá Orímisàn wà nídìí ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, àwọn méjèèjì mú àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tu ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ wọlé. Wọ́n fi èmi sí àárín, níbi tí wọ́n máa ń kó ẹrù sí. Bí mo ṣe fìdí kalẹ̀, ọkọ̀ náà mí kanlẹ̀. Orímisàn nawọ́ sómi, ó wọ̀n ọ́n. Ìka méjì ni omi fi bo ìlà.

Bàbá Orímisàn ní kí n jáde. Mo jáde. Ọkọ̀ gòkè, ìlà náà yọ, funfun báláú. Ó ní kí n padà wọlé, kí ìyá òun jáde. Ìyá Àgbà di ọwọ́ mi mú, ó jáde sórí àtẹ̀gùn. Omi dúró sórí ìlà gan-an, kò lọ sókè, kò lọ sísàlẹ̀.  Ìṣirò ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n Tèmi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje mọ ìdáhùn ti ọjọ́ yẹn kí n tó mọ̀ ọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń fọ ọwọ́ lẹ́yìn ilé nígbà tí mo gbọ́ Ìyá Àgbà tó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nídìí ààrò. Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

"Ìyá rẹ̀ wà ní òkè tó ń retí rẹ̀," ó wí. "Ó jẹun nílé wa, o ò lè fi í sílẹ̀. Èmi ni kí ẹ fi sílẹ̀. Ta ló máa lé arúgbó?"

 Mo gbọ́ bí Bàbá Orímisàn ṣe ń fi ọ̀bẹ ha igi, tó ń ha á, tó ń ha á.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà ju ti ìbọn lọ. Mo mọ ara mi. Bí ọjọ́ náà bá dé, mi ò ní í sọ pé kí wọ́n fi èmi sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ló máa kọ́kọ́ dénú ọkọ̀. Màá jókòó sí ipò ìyá arúgbó, màá máa wo ilé tó wà nínú rẹ̀ bó ṣe ń kéré lẹ́yìn wa, màá sì dé Òkè-Ògùn, ìyá mi á pe aládùúgbò wá wò mí. Mo mọ̀ pé mo lè ṣe é, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni kí ara mi kéré.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bọ́ bàtà, mo wọ ṣòkòtò penpe, mo jáde sórí afárá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo rí i nílé pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó fẹ́ fọn ṣe máa ń ṣe. Mi ò tíì dé ilé kẹrin tí ẹnì kan pariwo. Ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbàgà. Ìyá gbé ọmọ pọ̀n ní ìdoríkodò, ìkòkò já bọ́ sómi, ọ̀rọ̀ wá di bó ò lọ yà fún mi. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìdajì abúlé ti wà nínú ọkọ̀, tí wọ́n ń tú okùn. Èmi náà rò pé ogun dé, mo wá ń sáré sí i.

Wọn kì í sáré lórí pákó níbẹ̀ ní àkókò ìjà. Sísáré lórí pákó ni ìròyìn pé wọ́n ti dé. Gbogbo ọmọdé ló mọ̀ ọ́n. Kò sì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ fún àgbàlagbà tó jẹ́ tíṣà. Baálẹ̀ ránṣẹ́ pè mí. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ṣàlàyé pé mo fẹ́ fọn ni. Ó wò mí pẹ́, ó ní bí mo bá fẹ́ fọn, kí n fọn jẹ́jẹ́.

Ni mo bá pa oúnjẹ tì. Ọjọ́ mẹ́ta, omi nìkan ni mo ń mu. Ọjọ́ kẹrin, mo ń rìn lórí afárá, ojú mi ṣókùnkùn, mo sì rí i tí afárá náà yà kúrò lábẹ́ mi. Mi ò mọ̀wẹ̀. Ohun tí mo rántí ni iyọ̀ nínú imú mi, àti ìkọ́ kan tó mú mi lọ́rùn ẹ̀wù. Ìyá Orímisàn ni. Ó fi igi tí wọ́n fi ń ti ọkọ̀ fà mí mọ́ òpó, àwọn obìnrin mẹ́rin sì gbé mi sókè bí àwọ̀n tó kún.

Ó jẹ́ kí n pọ̀ omi tán kó tó bú mi. Ó ní ìwé tí mo kà ò wọ inú ikùn. Ó ní ẹni tí kò jẹun ò lè tu ọkọ̀, ẹni tí kò lè tu ọkọ̀ sì jẹ́ ẹrù. Ó wá jókòó tì mí.

"O gbọ́ ọ̀rọ̀ Ìyá Àgbà," ó wí.

Mo ní mo gbọ́ ọ.

"Bí mo ṣe ní kí o jẹun ni kí o ṣe jẹun. Bí mo ṣe ní kí o ṣiṣẹ́ ni kí o ṣe ṣiṣẹ́. Má sọ fún un pé o gbọ́."

Ó wá di pé òun ló ń bu oúnjẹ mi. Pupuru tó tó ìkúùkù rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, kì í ṣe ìkúùkù tèmi. Ẹja sísè tàbí yíyan, kò gbọdọ̀ jẹ́ dídín. Mínírà tí mo fẹ́ràn dèèwọ̀, oúnjẹ lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ dèèwọ̀. Lówùúrọ̀, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tó máa ń fi ọkọ̀ wá gbé mi ò tún gbé mi mọ́. Èmi ni mo ń tu ara mi lọ. Ọkọ̀ náà yí mi po níbi kan náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ títí àwọn ọmọ fi ka tábìlì ìsọdipúpọ̀ tán láìsí tíṣà. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, mo ń lọ pọn omi mímu nínú kẹ́ẹ̀gì níbi tí omi ò ti níyọ̀, màá sì gbé e gun àtẹ̀gùn. Mo ń la igi ẹ̀gbà, tó le bí irin, fún ààrò Ìyá Àgbà. Mo ń bá Bàbá Orímisàn fa àwọ̀n.

Ebi pa mí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ fífọn lórí rédíò kì í sọ ọ́. Mo lá àlá iyán. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, mo sunkún nítorí òórùn ẹja dídín nílé ẹlòmíràn. Àtẹ́lẹwọ́ mi là, ó san, ó tún là. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n dẹwọ́. Bí mo bá ti rí èéfín lókè igi, ọwọ́ mi á le sí i lórí àjẹ̀.

Gbogbo àárọ̀ Sátidé la ń jókòó sínú ọkọ̀. Orímisàn á nawọ́ sómi, á wọ̀n ọ́n. Ìka méjì. Ìka méjì. Ìka kan àti àbọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi okùn àwọ̀n di ṣòkòtò mi mọ́ ìdí. Obìnrin tó ní kí wọ́n kan afárá mi lọ́tọ̀ bi mí bóyá mo ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kan, mo gun àtẹ̀gùn ilé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì méjì, mo dé òkè, mo sì rí i pé mi ò mí gúlegúle. Mo dúró, mo ń retí èémí náà, kò wá. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún, mo wá sọ ọ́ fún Ìyá Àgbà. Ó ní òun ti rí i lára mi, ó sì sún àwo ẹja kan sọ́dọ̀ mi. Mo ní mo ti yó. Ó ní òun náà ti yó.

Nígbà tí òjò ti rọ̀ dáadáa ni ọjọ́ Sátidé tí mo ń wí yìí dé. Bàbá Orímisàn ti gbé mi kúrò ní àárín lọ sí iwájú ọkọ̀, ó fún mi ní àjẹ̀, ìyàwó rẹ̀ wá jókòó ti àwọn ọmọ. Gbogbo wa wọlé. Orímisàn nawọ́ sómi, ó gbé ọwọ́ sókè, ó tún nà án. Omi dúró sórí ìlà. Ìyá Orímisàn kọrin ọpẹ́ kan lábẹ́ ohùn. Bí mo ṣe ń jáde, Bàbá Orímisàn fi ọwọ́ lu èjìká mi lẹ́ẹ̀mejì. Láti ìgbà tí mo ti dé ibẹ̀, mi ò tíì rí ohun tó mú mi jẹ́ ọmọ ilé tó bẹ́ẹ̀. Ìgbéraga wọ̀ mí. Mo rò pé èmi nìkan ni mo gbé ọkọ̀ yẹn sókè.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, ní bí aago méjì ọ̀sán, a gbọ́ ẹsẹ̀ lórí pákó.

Ti ọjọ́ yẹn yàtọ̀ sí ìgbà tí èmi sáré. Ẹsẹ̀ púpọ̀ ni, wọn ò sì pariwo. Mo ju àáké sílẹ̀. Ìbọn dún láti apá ibi tí ọjà wà, lẹ́yìn náà iná mú òrùlé kan. Bàbá Orímisàn ti wà nídìí ọkọ̀, ìyàwó rẹ̀ ń ju àwọn ọmọ sí i lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ mi kọ́kọ́ dénú ọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe mọ̀ pé ó máa ṣe. Mo jókòó síwájú, mo mú àjẹ̀. Mo wẹ̀yìn. Àyè Ìyá Àgbà ṣófo.

Ó wà nídìí ààrò. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ pákó, ó fẹ́ dìde, orúnkún rẹ̀ ò gbé e. Ó tún gbìyànjú. Ó wò wá, ó sì ju ọwọ́ pé ká máa lọ.

Mi ò mọ ẹni tó gbé mi dìde. Ẹ̀rù náà wà lára mi digbí, ṣùgbọ́n mo ti wà lórí àtẹ̀gùn. Mo bẹ̀rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo fa ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn mi, mo gbé e pọ̀n. Mo ti gbára dì fún ìwúwo rẹ̀ bí mo ṣe máa ń gbára dì fún kẹ́ẹ̀gì omi. Kò sí ìwúwo. Ó fúyẹ́ bí agbọ̀n tí wọ́n ti kó ẹja inú rẹ̀ tà. Egungun ìhà rẹ̀ ń gún mi lẹ́yìn, ìwọ̀n ọmọ ọdún méje lásán ló wà lẹ́yìn mi. Ibẹ̀, lórí àtẹ̀gùn yẹn, pẹ̀lú èéfín nínú ojú mi, ni mo ti mọ ẹni tí èmi àti ẹ̀ jọ gbé ọkọ̀ náà sókè.

Mo gbé e sí àyè rẹ̀. Omi dúró sórí ìlà. A tu ọkọ̀.

Mi ò lè sọ bí ẹnu odò ṣe jìnnà tó. Ìgbì ń ti òkun bọ̀, ó ń lu iwájú ọkọ̀, ó ń ta sí mi láyà. Ìgbàkígbà tí ọkọ̀ bá ti rì díẹ̀, mo máa ń wo ìlà funfun náà, á lọ, á padà yọ. Tèmi fi igbá gbọ́n omi láìsọ̀rọ̀. Ẹ́ńjìnnì kan dún lẹ́yìn wa, a wọ inú igi ẹ̀gbà, a di gbòǹgbò mú, a ò mí. Ó kọjá. Mo tu ọkọ̀ títí mi ò fi mọ apá mi mọ́, mo sì ń gbàdúrà pé kí n má ṣe nǹkan sí ara, torí àwọn ọmọ wà lẹ́yìn mi.

Yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n kó wa sí ní Igbókòdá, àwa àti ìdílé mẹ́fà mìíràn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo lọ dúró lórí ìlà nílé tẹlifóònù. Ìyá mi ti ń dúró ti tẹlifóònù ní ṣọ́ọ̀bù náà, òun ló gbé e. Mo ní èmi ni. Ó sunkún, mo sunkún, ẹni tó wà lẹ́yìn mi ní kí n ṣe kíá. Nígbà tí ohùn ìyá mi padà bọ̀, ó bi mí pé ṣé mo ti jẹun. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìwé ẹ̀rí mi ti jóná, pé ara mi ti di ìdajì. Mo ní mo ti jẹun. Irọ́ ni.

Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti pín ìrẹsì. Abọ́ kọ̀ọ̀kan wà níwájú ẹni kọ̀ọ̀kan lórí sìmẹ́ńtì. Mo jókòó ti Ìyá Àgbà. Mo bu ìdajì tèmi, mo dà á sínú abọ́ rẹ̀. Ó wò mí, ó bu ìdajì tirẹ̀, ó dà á padà sínú tèmi. Mo ní mo ti yó. Ó ní òun náà ti yó. Mo ní láti ìgbà wo.

"Ṣé ìwọ nìkan ni ẹ̀rù ń bà ni?" ó wí.

Kò sẹ́ni tó mú ṣíbí nínú àwa méjèèjì. Ó ti mọ́ wa lára. Ojú mi ń wá ìlà kan lára ògiri, mi ò sì mọ̀ pé mò ń wá a.

Bàbá Orímisàn, tí kì í sọ̀rọ̀, gbé abọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu sìmẹ́ńtì náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, bó ṣe lu èjìká mi lọ́jọ́ Sátidé. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Orí ilẹ̀ la wà," ó wí. "Ilẹ̀ kì í rì. Ẹ jẹun."

Ìyá Àgbà kọ́kọ́ bu ṣíbí kan, èmi náà sì bù.